Orúkọ Tí Wọ́n Ń Pè Ní Yàrá Kẹrin

Ara mi tètè máa ń fu. Bí oníbàárà bá kó aṣọ wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Agric, tó ní ọ̀pá márùn-ún ni, màá tún nà án lórí tábìlì níṣojú rẹ̀. Ogún ọdún tí mo ti ń ránṣọ ní Ìkòròdú, láti ìgbà tí mo ti Ọ̀yọ́ dé, kò sí ẹni tó lè sọ pé Agnes Fábíyìí jí òun láṣọ, kò sì sí ẹni tó lè fi ọ̀pá mẹ́rin pe márùn-ún fún mi. Nítorí náà, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mo dé yàrá kẹrin tí mo bá ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, mi ò sunkún bíi tàwọn tó kù. Ohun tí mo bi ara mi ni pé, ta ló wà nídìí èyí?

Yàrá kẹrin wà ní ìsàlẹ̀ ilé ìwòsàn ìjọba kan tí kò jìnnà sí Ìpakòdó. Wọn ò kọ nǹkan kan sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ju nọ́ńbà yẹn lọ. Àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ lóṣooṣù ló ń lọ síbẹ̀, ọmọ mi Mọ́fẹ́yìsára sì wà lára wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Ọdún kejì tó wà ní yunifásítì ni àìsàn náà dé, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, tó ń dá wọn lóhùn. Láti ọdún mẹ́rin tó ti ń gba abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ó ń bá mi ṣe ihò bọ́tìnnì, ó ń bá àwọn oníbàárà ṣàwàdà, ó sì ń bá mi jà lórí ìkànnì tí a máa gbọ́ lórí rédíò. Ìjà rédíò yẹn dùn mọ́ mi ju bó ṣe mọ̀ lọ.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni abẹ́rẹ́ fò ó, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù méjì. Mo yíjú láti mú òwú, nígbà tí mo máa fi yíjú padà, àga rẹ̀ ti ṣófo. Ẹsẹ̀ lásán ló fi rìn láti Agric dé Ìpakòdó. Ó ní wọ́n ń pe òun láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú omi kí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi tó dì í mú. Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn kò tíì kúrò lára mi.

Ohun tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn kò gùn. Wọ́n ní àyẹ̀wò ti fi hàn pé aláìsàn tó wà ní tòótọ́ kò tó ogún. Wọ́n ní àwọn máa dín ètò náà kù, àwọn á kó nọ́ọ̀sì àti oògùn lọ sí Ẹ̀pẹ́ kí oṣù méjì tó pé. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, kó wá sọ ọ́ ní ìpàdé gbogbogbòò, ní Ẹ̀pẹ́. Yàrá Ìkòròdú ni wọ́n fẹ́ tì, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ní ká ti wá bẹ̀bẹ̀! Ara mi fu.

Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní, tó ti dá wà ní yàrá náà láti ìgbà tí wọ́n ti gbé èkejì rẹ̀ lọ síbòmíràn, kó wa jọ sábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn. A tó ogún níbẹ̀, àwa ìyá, àwọn ọkọ, àwọn ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú àwọn aláìsàn wa.

"Wọ́n rán èèyàn lọ sí àwọn àdírẹ́sì tó wà nínú rẹ́jísítà," ó ní. "Orúkọ mẹ́tàlélógóje ló wà níbẹ̀. Ẹni mọ́kàndínlógún péré ni wọ́n rí."

"Àwọn tó kù ńkọ́?" Èmi ni mo béèrè.

"Wọ́n ní kò sí wọn, Mọ́mì. Wọ́n ní èmi ni mo ń dá wọn sílẹ̀ kí n lè máa gba oògùn sí i."

Mo wo nọ́ọ̀sì náà dáadáa. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó wọ gíláàsì tí apá rẹ̀ kan ti kán tó fi sẹlotéèpù dì. Mo rò ó pé, bí oògùn ẹni mẹ́tàlélógóje bá ń wọlé, tó jẹ́ ẹni mọ́kàndínlógún ló ń gbà á, níbo ni ìyókù ń gbà lọ? Báàgì rẹ̀ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rí i pé ó tóbi ju báàgì ẹni tó kàn ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù, nítorí mo mọ ohun kan tí mi ò sọ lábẹ́ igi yẹn. Orúkọ ọmọ mi kò sí nínú rẹ́jísítà náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo mú un wá, tí nọ́ọ̀sì béèrè orúkọ, ọjọ́ iwájú rẹ̀ ni mo rò. Ìdílé wo ló máa wá tọrọ ọmọbìnrin tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé yàrá kẹrin? Ìwé ìwọ̀n mi wà lọ́wọ́ mi, èyí tí mo máa ń kọ àyà àti ìbàdí àwọn oníbàárà sí. Mo ṣí i bí ẹni tó ń wá nǹkan, ojú mi sì bọ́ sórí Rodiat Oyèdèjì, ojúlé kẹtàdínlógún, àdúgbò Agric. Mo pe orúkọ yẹn, mo pe ojúlé yẹn. Onígbàgbọ́ ni wá, mo sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa ronú kan ọmọ Fábíyìí tó bá gbọ́ Rodiat. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti pe Rodiat, Mọ́fẹ́yìsára á dìde. Mo sọ fún un pé bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn, kò sì bi mí léèrè mọ́.

Ṣùgbọ́n orúkọ ẹyọ kan ni tèmi. Mo sọ fún ara mi pé orúkọ ẹyọ kan ò lè ti ilé ìwòsàn pa.

Bùsàrí Sànní ló ní ká má jókòó lásán. Àgbẹ̀ gbàgúdá ni, Agbówà ló ń gbé, ohùn Ìjẹ̀bú dùn lẹ́nu rẹ̀, ó sì máa ń di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú wá fún abẹ́rẹ́. Ó ní ká kọ ìwé ẹ̀hónú, ká jẹ́ kí àwọn ará ìlú fọwọ́ sí i, ká gbé e lọ sí ìpàdé Ẹ̀pẹ́. Gbogbo èèyàn gbà. Èmi náà gbà, ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé ó ní ìwé kan lábẹ́ abíyá, tí ẹnikẹ́ni bá ti sọ̀rọ̀, á kọ nǹkan sínú rẹ̀.

"Bàbá," mo ní, "ẹ̀yin ará Agbówà, Ẹ̀pẹ́ ò kúkú jìnnà sí yín. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́, kí ló kàn yín?"

"Ó kàn mí, màdáámù," ó ní, ó sì pa ìwé rẹ̀ dé.

Ìdáhùn wo nìyẹn? Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá mọ́ nínú rẹ̀ á sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ Bùsàrí.

Èmi ni wọ́n ní kí n gba ìbuwọ́lùwé ní Agric, nítorí gbogbo èèyàn ló ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá. Mo gbé tábìlì síta, Mọ́fẹ́yìsára ń fún àwọn èèyàn ní bírò. Bí mo bá ti ṣàlàyé tán, wọ́n á bínú sí ìjọba, wọ́n á ní kò dáa, wọ́n á ṣépè pàápàá. Ṣùgbọ́n bí mo bá na bírò sí wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn. "Wọn ò ní gbé e sórí Fesibúùkù, àbí?" "Wọn ò ní rò pé èmi ni nǹkan ń ṣe?" Ọkùnrin kan tó wọ táì, ọ̀kan nínú àwọn ará ẹ́sítéètì tó ń lọ síṣẹ́ ní Island ní kùtùkùtù, dì mí lọ́wọ́ mú gírí. "Mọ́mì, mo wà lẹ́yìn yín digbí," ó ní. "Ẹ ṣáà má kọ orúkọ mi." Ẹni mẹ́rìndínlógún ló kọ Ìyá Ìbejì. Mo mọ ìyá ìbejì méjì péré ní gbogbo àdúgbò wa.

Inú bí mi débi pé mo pariwo mọ́ obìnrin kan. "Orúkọ tìrẹ ni kó o kọ, kì í ṣe ti ẹlòmíràn!" Mo sọ ọ́ láìmira. Mọ́fẹ́yìsára gbójú sókè, ó wò mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé ìwé náà lọ sí Ìpakòdó, mo ní kí àwọn ọlọ́kọ̀ tó gba ọmọ mi là lọ́jọ́sí bá mi fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ ni mo ti rí Bùsàrí. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì èbúté pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Abdulrahman, ọ̀gá àwọn tó wá yẹ rẹ́jísítà wò. Mo yà sẹ́yìn òkìtì yanrìn. Bùsàrí fa ojú ìwé kan ya nínú ìwé rẹ̀, ó nà án sí ọkùnrin náà. Abdulrahman kà á, ó ká a sí àpò, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Mo ti rí amí tí mò ń wá.

Nígbà tí a tún jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò, mi ò jẹ́ kí wọ́n gbàdúrà tán kí n tó dìde.

"Amí wà láàárín wa," mo ní. "Bàbá Bùsàrí, ìwé wo lẹ fún Abdulrahman ní Ìpakòdó?"

Ariwo sọ. Bùsàrí wò mí títí. Ó wo gbogbo wa yíká, ó wá wo ìyàwó rẹ̀ tó dojú kọlẹ̀, tó ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀ po.

"Mi ò lè sọ ọ́ níbí," ó ní.

"Níbo lẹ ti lè sọ ọ́? Lọ́fíìsì wọn?"

Wọ́n hó lé e lórí. Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní nawọ́ sókè pé ká fara balẹ̀, ká má ṣe bẹ́ẹ̀ sí ara wa. Mo dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ tiẹ̀ náà ń bọ̀. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Bùsàrí di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n sì lọ. Mo sun oorun àsùnwọra lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bí ẹni tó parí aṣọ ìyàwó kí ọjọ́ tó pé.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Rodiat Oyèdèjì wọ ṣọ́ọ̀bù mi.

Bùbá àti ìró rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ mi fún ọ̀sẹ̀ kan, mo rò pé ìyẹn ló wá gbà. Ṣùgbọ́n kò wo aṣọ. Ó jókòó sórí àpótí, ó bú sẹ́kún. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, ará Ọ̀ṣun, òun àti Tàjùdéèn ọkọ rẹ̀ háyà yàrá méjì, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ń gbé pẹ̀lú wọn láti ìgbà tó ti bí ọmọ kejì.

"Mọ́mì Sára, wọ́n ti ba ayé mi jẹ́. Àwọn kan wá sílé wa pẹ̀lú ìwé. Wọ́n bá ìyá ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, ṣé ibí ni Rodiat Oyèdèjì tó ń gba abẹ́rẹ́ ọpọlọ ń gbé?"

Mo rọra fa ìwé ìwọ̀n mi sábẹ́ aṣọ tó wà lórí tábìlì.

"Mo ní kì í ṣe èmi. Ìyá ní, báwo ni wọ́n ṣe mọ ojúlé wa? Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n ti kó ọ̀bẹ kúrò ní kíṣìnnì. Bí mo bá fẹ́ fún ọmọ mi lọ́mú, ìyá á dúró tì mí. Tí ọmọ bá ti mu tán, wọ́n á gbà á. Ọmọ mi, Mọ́mì! Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ti ń wò mí. Ó ń wò mí bí mo bá rẹ́rìn-ín, ó ń wò mí bí mo bá dákẹ́."

"Ta lo rò pé ó ṣe é?" Mo kàn ń wá nǹkan sọ ni.

"Mo ti fura sí gbogbo èèyàn. Mo ti bá ìyàwó tó wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ wa jà. Mo fura sí nọ́ọ̀sì ibẹ̀. Mọ́mì, ẹ mọ àwọn èèyàn yẹn, ẹ̀yin lẹ ń gba ìbuwọ́lùwé fún wọn. Ẹ bá mi wá ẹni tó fi orúkọ mi síbẹ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Ihò bọ́tìnnì ni Mọ́fẹ́yìsára ń ṣe nígun yàrá. Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ló fi ń jẹ́ Rodiat Oyèdèjì, kò mọ̀ pé orúkọ náà ní ẹni tó ni ín, nítorí Ìyá Kamaldeen ni gbogbo wa ń pe oníbàárà náà ní ṣọ́ọ̀bù.

"Màá bá ẹ béèrè," mo ní. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó lọ tán, ọmọ mi gbé aṣọ tó ń ṣe kalẹ̀.

"Mọ́mì, tiwọn ni orúkọ yẹn?"

"Má dá sí i. Torí tìẹ ni mo ṣe ṣe é."

"Wọ́n ń gbọmọ lọ́wọ́ wọn."

"Mo gbọ́! Ṣé o fẹ́ kí n lọ pariwo ní ìta Agric pé ìwọ ni? Ta ló máa fẹ́ ẹ?"

A ò jà lórí rédíò lọ́jọ́ yẹn, a ò tiẹ̀ tàn án. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń bà mí pọ̀ ju ìtìjú lọ. Mo pinnu pé bí ìpàdé Ẹ̀pẹ́ bá parí, màá rọra lọ bá Abdulrahman ní kọ̀rọ̀, màá fún un ní orúkọ gidi nínú ìwé, màá bẹ̀ ẹ́ kó má kà á síta. Àṣé ohun tí Bùsàrí ṣe gan-an ni mo fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ̀ nígbà yẹn.

A wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, a gba Ìtòkín lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìwé ẹ̀hónú wà lórí itan mi, ìbuwọ́lùwé ọ̀ọ́dúnrún ó lé. Gbọ̀ngàn náà kò kún. Ẹni tí mo kọ́kọ́ rí níwájú ni Rodiat, ó wọ híjáàbù funfun, ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, òun ló pọn ọmọ. Wọ́n wá kí wọ́n lè gbọ́ ọ látẹnu àwọn tó ni ìwé. Bùsàrí àti ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá. Mo gbé ojú kúrò lára wọn.

Ọ̀gbẹ́ni Abdulrahman kò jọ òǹrorò. Ó jọ ẹni tó ti rẹ̀. Ó gba ìwé ẹ̀hónú wa, ó ṣí i, ó rí àwọn Ìyá Ìbejì, ó sì rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó gbé rẹ́jísítà jáde.

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà," ó ní. "Ohun tí wọ́n rán mi ni pé kí n ka èèyàn. Màá pe orúkọ. Bí ẹni náà bá wà, kó dáhùn. Bí kò bá sí, màá fa ìlà pupa lé e, á sì parí síbẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó pe orúkọ, kò sẹ́ni tó dáhùn, ó fa ìlà. Ó pe òmíràn, ó fa ìlà. Mo wo àwọn tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì yàrá kẹrin láti ọdún mẹ́rin. Bó ṣe ń pe orúkọ, mò ń rí i tí ejìká wọn ń gbọ̀n, ẹnì kan ní orúkọ yìí, ẹlòmíràn ní èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á wolẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà yé mi. Nọ́ọ̀sì kò dá orúkọ kankan sílẹ̀. Àwa ni. Gbogbo wa la ti ro ohun tí èmi rò, pé orúkọ ẹyọ kan ni tiwa.

"Rodiat Oyèdèjì."

Rodiat fò dìde. "Èmi ni Rodiat Oyèdèjì, mi ò dé yàrá kẹrin rí! Ẹ bá mi sọ ọ́ kí ìyá gbọ́."

"Òótọ́ ni, a ti délé wọn," Abdulrahman sọ. "Orúkọ lásán ni eléyìí náà." Ó gbé bírò pupa.

"Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ wèrè, ṣé á jẹ́wọ́ ni?" Ìyá arúgbó náà kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. Ó fọwọ́ gba ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ra. Rodiat dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ na sí ọmọ rẹ̀, kò sì lè fọwọ́ kàn án.

Mo fẹ́ dìde. Mo fi Ọlọ́run búra pé mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ mi ni kò gbọ́.

"Mo wà níbí."

Mo gbọ́ ohùn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí n tó mọ̀ pé ọmọ mi ló ti dìde.

"Èmi ni wọ́n ń pè ní Rodiat ní yàrá kẹrin," Mọ́fẹ́yìsára sọ. Ó di ẹ̀yìn àga iwájú mú. "Èmi ni mo ń gba abẹ́rẹ́, kì í ṣe àǹtí yìí. Ẹ fún wọn lọ́mọ wọn. Mọ́fẹ́yìsára Fábíyìí lorúkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má fa ìlà lé mi."

Bírò dúró lókè. Gbogbo ojú yí sí wa. Ẹsẹ̀ mi wá gbọ́.

"Èmi ni ìyá rẹ̀," mo ní. "Aránṣọ ni mí. Inú ìwé ìwọ̀n mi ni mo ti mú orúkọ Rodiat. Kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ọmọ mi náà ò mọ̀."

Mi ò lè wo Rodiat. Ilẹ̀ ni mò ń wò nígbà tí mo gbọ́ ohùn Ìjẹ̀bú yẹn lẹ́yìn.

"Ìyàwó mi náà wà nínú ìwé yín, orúkọ míì ló ń jẹ́ níbẹ̀," Bùsàrí sọ. "Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí ni àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé. Nítorí kí wọ́n má baà mọ̀ ni mo ṣe ń gbé e lọ sí Ìkòròdú láti ọdún méje. Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ gan-an fún ọ̀gá yìí, mo ní kó kà á mọ́ wọn, kó má ṣe pè é ní Ẹ̀pẹ́." Ó wo ìyàwó rẹ̀. "Ó ti wá di pípè báyìí. Ìbùkúnọlá Sànní ni."

Ó dì í lọ́wọ́ mú bó ṣe máa ń dì í mú. Lẹ́yìn náà obìnrin kan dìde, ó ní òun ni ẹni kẹta tí wọ́n fa ìlà lé. Ọkùnrin kan dìde, ó ń sunkún. Ẹni mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló sọ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe gbogbo èèyàn. Mo rí ọkùnrin kan, tí a jọ máa ń pín omi mu lórí bẹ́ńṣì, tó gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Nígbà tí a ń jáde, mo bá Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní níta, ó ti bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń nu ojú.

"Ṣé ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀?" mo bi í.

"Mọ́mì, ta ni kì í rántí orúkọ ọmọ rẹ̀ títí tó fi ṣí ìwé? Mo mọ̀."

"Wọ́n pè yín lólè. Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ẹ̀yin lẹ fi í pa mọ́. Kì í ṣe tèmi láti tú."

Obìnrin tí mo fi ojú wọn báàgì rẹ̀ nìyẹn. Mo kúnlẹ̀ fún un lórí yanrìn, bẹ́ẹ̀ ni mo dàgbà jù ú lọ. Bùsàrí kò dúró kí n bá òun. Ọkọ̀ gbàgúdá rẹ̀ ti lọ nígbà tí mo dé ibi tó gbé e sí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé tuntun wà lára ilẹ̀kùn. Yàrá kẹrin á ṣì wà ní Ìkòròdú fún oṣù mẹ́fà. Wọ́n á ṣí rẹ́jísítà tuntun, wọ́n á tún ka èèyàn, bí iye náà bá tó, kò ní lọ mọ́. Kò sẹ́ni tó jó. Oṣù mẹ́fà kì í pẹ́ pé, ara mi sì ṣì ń fu sí wọn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Rodiat wá gba aṣọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sùn. Mo ti rán aṣọ náà tán, mo ti lọ̀ ọ́, mo nà án sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó gbà á. Ó kí Mọ́fẹ́yìsára, ó bi í pé ara ńkọ́. Ó wá yíjú sí mi.

"Ẹ fún mi ní ojú ìwé mi, ma."

"Èwo?"

"Èyí tí orúkọ mi wà. Nínú ìwé ìwọ̀n yín."

Mo ṣí ìwé, mo fà á ya, mo fún un. Ó ká a, ó fi há inú híjáàbù rẹ̀, ó sì lọ. Kò padà wá mọ́. Bí mo bá rí i lójú ọ̀nà, á kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bó ṣe yẹ, á sì kọjá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí rẹ́jísítà tuntun, èmi àti ọmọ mi tètè dé. Nọ́ọ̀sì béèrè orúkọ. Kí n tó la ẹnu, Mọ́fẹ́yìsára ti gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó fi àmì sórí rẹ̀ kínníkínní bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níléèwé, ó sì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè fún abẹ́rẹ́. Mo ṣì bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó rí i.

Obìnrin kan tí mi ò rí rí jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó di ọmọkùnrin gìrìpá kan lápá mú, ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí ògiri. Nọ́ọ̀sì yíjú sí i. "Ma, orúkọ yín? Orúkọ ọmọ ńkọ́?"

Ojú obìnrin náà ń lọ káàkiri yàrá, ó dúró sórí kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, tí orúkọ àwọn èèyàn wà lábẹ́ àwòrán wọn. Mo mọ ohun tó ń wá.

Mo dìde, mo lọ jókòó tì í.

"Agnes Fábíyìí lorúkọ mi," mo ní. "Mọ́fẹ́yìsára lọmọ mi, òun ló ń gba abẹ́rẹ́ yẹn. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, bí ẹni pé mo fẹ́ jí i láṣọ. Mi ò bínú. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń dúró.